Okùn Etíkun Kò Bá Yemọja Jà



Ẹyẹ kékeré kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹyẹ tí kò wúwo ju ẹyin adìẹ kan lọ. Piping Plover ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí yanrìn gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ó sì ní ọ̀já dúdú lọ́rùn. Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ń yé sí. Kò sí ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó kan àwọn ará wa tó ń bọ Yemọja àti Olókun ní New York. Wọ́n máa ń gbé ẹbọ lọ sí etíkun ìlú náà, Rockaway tó wà ní Queens sì wà lára etíkun tí ẹyẹ yìí ń yé sí.

Nígbà ìrúwé àti ìgbà ooru, wọ́n máa ń fi òpó àti okùn yí apá kan yanrìn náà ká, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ ibẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan nínú wa ń kùn pé, ta ni yóò fi okùn òyìnbó dí ọ̀nà òrìṣà? Mo mọ ibi tí ìkùnsínú yẹn ti wá. Ní Hialeah, ní ìpínlẹ̀ Florida, ìjọba ìlú ṣe òfin kí àwọn olórìṣà má lè fi ẹran rúbọ. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn olórìṣà sì jàre ní 1993. Ohun tó mú wọn jàre ni pé àwọn ni òfin náà dìídì dojú kọ. Okùn etíkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dá ẹni tó ń fa ajá dúró, ó dá ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró. Ní Chicago ní 2019, akọ kan àti abo kan nínú ẹyẹ yìí fi etíkun Montrose ṣe ilé, àwọn tó ń ṣètò àríyá orin ńlá kan níbẹ̀ sì fagi lé e. Nítorí ẹyẹ méjì!

Nílé, bí a bá rí màrìwò lẹ́nu igbó, a kì í bèèrè ìdí rẹ̀ kí a tó padà sẹ́yìn. Lójú tèmi, okùn yẹn ni màrìwò etíkun.

Ẹyẹ náà kì í kọ́ ìtẹ́ sórí igi. Kòtò tí kò jìn ló ń gbẹ́ sínú yanrìn, lókè ibi tí omi ń dé, níbẹ̀ ni yóò yé ẹyin mẹ́rin sí. Ẹyin náà jọ yanrìn débi pé ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ fọ́ kó má mọ̀. Akọ àti abo jọ ń sàba ni, ó sì máa ń lé ní ọjọ́ 25 kí ó tó pa. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde a máa rìn láàárín wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tó nǹkan bí oṣù kan kó tó lè fò. Bí ewu bá ń bọ̀, ọmọ a lúgọ jẹ́ẹ́ sínú yanrìn. Òbí a sì máa wọ́ apá nílẹ̀ bí ẹni pé apá ti kán, kí ọ̀tá lè máa lé òun, kó fi ọmọ sílẹ̀. Mi ò tíì rí abiyamọ tó ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí òfin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bò ó ní 1986, tọkọtaya tó kù létí òkun Àtìláńtíìkì kò tó 1,000. Ilé tí wọ́n ń kọ́ sórí yanrìn, ọkọ̀, ajá àti ẹsẹ̀ ènìyàn wà lára ohun tó fà á. Okùn yìí àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti jẹ́ kí wọ́n lé ní 2,000. Àwọn tó wà ní agbègbè àwọn Adágún Ńlá kò tíì pé tọkọtaya 100 ní 2024.

Oúnjẹ ẹbọ ló kàn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gbé bàrà olómi àti ẹran kalẹ̀ sórí yanrìn, òkun kọ́ ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Kannakánná, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti àwọn ẹyẹ funfun ńlá òkun ló ń dé síbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọn a máa wá kiri, wọn a sì kan ìtẹ́ ẹyẹ yìí. Ẹbọ tí a rú sí yèyé ọmọ ẹja á wá sọ yèyé ẹyẹ di aláìlọ́mọ. Èmi kò rò pé Yemọja gba irú ẹbọ bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní ká má lọ sókun. Ẹ gba apá tí kò ní okùn. Ẹ fi ẹbọ lé omi lọ́wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí yanrìn. Ohun tí omi bá dá padà, ẹ kó o lọ, pàápàá ọ̀rá, ìgò àti aṣọ. Ẹni tó bá ní ajá, kó fi í sílẹ̀ sílé. Nígbà tí oṣù Kẹjọ bá parí, ẹyẹ náà á ti gbéra lọ sí gúúsù, wọ́n á sì ti tú okùn. Díẹ̀ nínú wọn máa ń lo ìgbà òtútù ní Cuba, létí òkun tí àwọn ará wa ibẹ̀ ti ń bọ Yemọja.