Ọmọ Tuntun Kì Í Gbọ̀n Nínú Ọyẹ́

 

Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ọyẹ́ tiwa kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Èkó. Èkó wà létí òkun. Àwa wà ní ọ̀dàn, níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti ń bá wa tààrà. Ní ìdájí, ìwọ̀n ooru lè sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ 20. Kó tó di aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ó ti lè kọjá 30. Ara kan náà ló gbọ́dọ̀ gba méjèèjì, kí inú rẹ̀ sì máa wà ní nǹkan bí 37 síbẹ̀síbẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ọlọ́run fi apá kékeré kan sínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ooru ara tọ̀sán-tòru. Bí òtútù bá mú, á fún àwọn òpójẹ̀ abẹ́ awọ pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè dúró sínú lọ́hùn-ún, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ń kọ́kọ́ tutù, tí a fi ń tọ̀ léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà sì fi ń ga sí i lásìkò yìí. Bí ìyẹn kò bá tó, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn kì í ṣe àìlera, iṣẹ́ ni. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa mú ooru jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gúnyán.

Bí ọ̀sán bá wá gbóná, òpójẹ̀ á tún ṣí, òógùn á jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ débi pé òógùn ti gbẹ kí a tó rí i. Ẹ ó rò pé ẹ kò làágùn, omi sì ń lọ lára yín. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, pàápàá àwọn ọmọ wa tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, nítorí òtútù àti àìmu omi ló sábà máa ń gbé ìrora eegun wọn dìde.

Ara tún máa ń kọ́ṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbọ́n tó ti London dé fún Kérésìmesì: àwa wọ súwẹ́tà, òun ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì rìn kiri àgbàlá. Kì í ṣe fáàrí. Òtútù ọ̀hún ni ara rẹ̀ mọ̀. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó mọ ooru tiwa.

Ti àgbà ni gbogbo èyí. Ọmọ tuntun kò rí bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni mo sì torí rẹ̀ kọ̀wé lóṣù yìí.

Ọmọ tuntun kì í gbọ̀n bí àgbà ṣe ń gbọ̀n. Bí a bá fi wé ìwọ̀n rẹ̀, awọ ara rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ, ooru sì ń tètè bá ibẹ̀ jáde. Ọ̀rá pàtàkì kan wà lọ́rùn rẹ̀ àti láàárín èjìká rẹ̀ tó ń jó bí epo àtùpà láti mú un gbóná. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í ní ọ̀rá yìí tó. Nígbà tí epo bá sì ń tán, ọmọ kì í pariwo. Ńṣe ló máa dákẹ́. Kò ní fẹ́ mu ọmú, igbe rẹ̀ á rọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù bí omi inú àmù. Mo ti gbọ́ tí ìyá ọmọ ń yangàn pé, “Ọmọ mi kì í yọ mí lẹ́nu, oorun ló ń sùn ṣáá.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ kan ikùn àti ẹsẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ ẹ́ ni 36.5 sí 37.5. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ èyí, ẹ mú un gbóná lójú ẹsẹ̀, ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí la ó fi mú un gbóná? Ìyá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sọ fún mi pé òun máa ń dá èédú sí àdògán, òun á gbé e sí yàrá ọlọ́mọ, òun á sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa kí ooru má baà jáde. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, ikú lẹ gbé wọlé yẹn.” Wọ́n ní, “Ṣebí kò sí èéfín níbẹ̀?” Òótọ́ ni, èédú tó ti ràn dáadáa kì í rú èéfín. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide ń jáde lára rẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń sùn lè má jí mọ́ láti sá.

Ohun tó sàn ju èédú lọ wà lára ìyá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1978, ní ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé gbóná kò kárí, ni dókítà Edgar Rey Sanabria bá ní kí àwọn ìyá so ọmọ mọ́ àyà wọn, ara sí ara. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ilé ìwòsàn márùn-ún, ní Nàìjíríà, Gánà, Màláwì, Tàǹsáníà àti Íńdíà, tó wá fi àwọn ọmọ tí kò tó kìlógíráàmù méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n gbé sáyà kété lẹ́yìn ìbí, 12 ló kú láàárín ọjọ́ 28. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ títí ara wọn fi balẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16.

Ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ fi fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí nìkan sílẹ̀ lára ọmọ, ẹ gbé e sáàárín ọmú, ẹ fi aṣọ ọ̀já gbà á mọ́ra kí imú rẹ̀ wà níta, kẹ́ ẹ sì da kúbùsù bo ẹ̀yin méjèèjì. Pípọ̀n sẹ́yìn kò jọ ọ́, nítorí aṣọ wà láàárín. Bí ìyá bá fẹ́ wẹ̀, kí bàbá gbà á. Àyà ọkùnrin náà gbóná. Ní ti wíwẹ̀ ọmọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó pé wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí kí a tó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀sán, nínú ilé, kì í ṣe ní ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ kùtù.

Àìsùn ọdún tuntun sì ń bọ̀. Ìyá ọlọ́mọ tó bá ń bọ̀, kó mú kúbùsù dání, kó jókòó sínú lọ́hùn-ún, kó má jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan, èrò tèmi ni pé kí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe tiwọn nílé. Bàbá lè wá ṣojú fún wọn.