Lẹ́ǹsì inú ojú kì í ṣe ti olówó nìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀, Àjàṣẹ́ títí dé Atakpamé, ọ̀rọ̀ kan ń bí wa nínú, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Tí inú ẹyinjú bàbá tàbí ìyá wa bá ń funfun bí omi ògì, kí la máa ń sọ? “Ogbó ni.” Àwọn mìíràn á ní ayé ló ṣe é. A ó fi ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́, a ó sì wá ọmọ kékeré kan tí yóò máa fà wọ́n kiri. Àwa olùkọ́ la ń rí àyè ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ṣófo ní kíláàsì.

A kò gbà. Kataráàtì ni àìsàn yẹn, ó sì ní ìwòsàn. Dókítà á yọ ohun tó ti funfun nínú ẹyinjú, á fi lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n fi ike ṣe rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni lẹ́ǹsì náà máa wà títí ọjọ́ ikú.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà ogun Hitler, àfọ́kù ike fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú wọ ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú kan ní Ìlú Ọba. Dókítà Harold Ridley ṣàkíyèsí pé ojú kò bínú sí ike náà. Ní 1949, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi lẹ́ǹsì ike sínú ojú ènìyàn. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n òótọ́ borí. Dókítà yìí kan náà ló ti wá sí Gold Coast, Gánà òní, nígbà ogun, tó ṣe ìwádìí lórí ìfọ́jú tí eṣinṣin etí odò ń fà. Ojú àwọn ènìyàn wa kò ṣàjèjì sí i.

Lónìí, àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ohun tí a ń fi sínú ara, tí Faransé ń pè ní biomatériaux, ti di ẹgbẹ́ ńlá. Ti Amẹ́ríkà ti wà láti 1974. A kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n a ní ìbéèrè: bí ohun tuntun bá ń jáde lójoojúmọ́, tí èyí tó ti dára láti ọjọ́ pípẹ́ kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ Ṣábẹ̀, ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Ẹni tó se ọbẹ̀ tó gbé e sórí àjà, kò tíì bọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sọ pé owó ni. Ní 1992, ní Maduráì ní Íńdíà, Aurolab bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́ǹsì fúnra wọn. Èyí tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí 100 dọ́là wálẹ̀ sí nǹkan bí 10 dọ́là, ó sì tún wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì sọ pé Íńdíà tóbi jù wá lọ. Ẹritrẹ́à gba òmìnira ní 1993 lẹ́yìn ogun 30 ọdún. Ní 1994, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ tí dókítà ojú Fred Hollows ti Ọsirélíà dá sílẹ̀, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ lẹ́ǹsì ní Asmara. Ilẹ̀ Áfíríkà náà nìyẹn!

Nítorí náà, ẹ̀yin onímọ̀, nígbà tí ẹ bá ń sọ ohun tuntun tí ẹ ṣe, ẹ sọ iye tó jẹ́ àti ibi tó dé. Ẹ̀yin aláṣẹ ní Kútọnu àti Lomé, ẹ kọ́ dókítà ojú púpọ̀ sí i, kí ẹ sì rán wọn dé ìlú kéékèèké. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní série C àti D, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má jẹ́ kí oníṣègùn alárìnkiri kankan fi abẹ́rẹ́ gún ojú òbí yín. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Ká fi ọba sílẹ̀ sínú òkùnkùn nígbà tí iná wà nílé, ìtìjú wa ni.

Ẹ dá wa lóhùn: ní ìlú tiyín, níbo ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, èló ni wọ́n sì ń gbà?