Ethiopian Airlines Group

Ethiopian Airlines Group ni ìyá-iléeṣẹ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè Ethiópíà fi ń ṣe òwò ìrìnnà ojú òfurufú. Ìjọba nìkan ni ó ni ín. Kò sí ìpín kankan níbẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ aládàáni. Láti ọdún 2022 ni ó ti wà lábẹ́ Ethiopian Investment Holdings, àjọ tí ìjọba náà dá sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá rẹ̀. Ibùjókòó rẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfurufú Bole ní Addis Ababa. Ní ọdún ìṣúná 2024/25, ó gbé èrò bíi mílíọ̀nù 19, owó tí ó sì wọlé fún un jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 7.6 dọ́là. Kò sí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú mìíràn ní Áfíríkà tí ó tó o.

Ìròyìn yìí yani lẹ́nu, nítorí pé iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ tí ó sì ti kú pọ̀ ní Áfíríkà. Nigeria Airways, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1958, kógbá sílé ní 2003. Air Afrique, tí orílẹ̀-èdè mọ́kànlá tí ń sọ èdè Faransé pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1961, jẹ gbèsè títí ó fi wó ní 2002. Ohun tí ó ya ti Ethiópíà sọ́tọ̀ kì í ṣe pé ìjọba jìnnà sí i. Ìjọba ni ó ni ín, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ di àpò ìnáwó: fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrè tí iléeṣẹ́ náà bá jẹ ni ó fi ń ra ọkọ̀ mìíràn.

Ìpìlẹ̀

Ìjọba Ọba Haile Selassie ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1945 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ TWA, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1946, ọkọ̀ rẹ̀ gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Addis Ababa lọ sí Cairo, ó sì yà ní Asmara. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ń darí rẹ̀. Ọdún 1971 ni ọmọ Ethiópíà tó kọ́kọ́ jókòó sórí àga olùdarí. Àwọn ológun Derg gba ìjọba ní 1974, wọ́n sì kọjú sí Soviet Union. Síbẹ̀, lábẹ́ ìjọba wọn kan náà, ní 1984, Boeing 767 tí Amẹ́ríkà ṣe ni iléeṣẹ́ náà gbà wálé. Ọdún yẹn fi hàn bí òmìnira tí wọ́n fún un láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ tó.

Ìyá àti àwọn ọmọ

Ní 2017, ìjọba da àjọ tí ń bójú tó àwọn pápákọ̀ òfurufú pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, ọwọ́ kan náà ni ó mú ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ ẹrù, pápákọ̀ tí ó ju ogún lọ, ibi àtúnṣe ọkọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ inú bàálù, àti hótẹ́ẹ̀lì Skylight tí yàrá rẹ̀ ju 1,000 lọ. Bí ẹ̀ka kan bá rọ̀, òmíràn á gbé e ró. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní 2020, tí èrò kò sí mọ́, wọ́n tú àga kúrò nínú bàálù bíi 25, wọ́n sì fi wọ́n kó ẹrù. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní ayé ń bẹ ìjọba wọn fún owó nígbà náà. Èyí kò bẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọjà ni ó tún ń tajà jù nínú rẹ̀. Nínú Ethiópíà, kò sí aládàáni kankan tí ó lè bá a figa gbága. Ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2019 tún fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn. Boeing 737 MAX tí ó ń lọ sí Nairobi já, ènìyàn 157 sì kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, wà lára wọn. Ètò kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà ni ó ń ti imú rẹ̀ wálẹ̀, Boeing fúnra rẹ̀ sì gbà pé òun ni ó jẹ̀bi fún àwọn ẹbí olóògbé. Síbẹ̀, nígbà tí Ethiópíà gbé ìròyìn ìkẹyìn jáde ní 2022, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà àti ti Faransé sọ pé kò gbé iṣẹ́ àwọn awakọ̀ yẹ̀ wò tó. Ìjọba kan náà ni ó ni ọkọ̀, òun náà ni ó ni àwọn olùwádìí.

Ìpín nínú iléeṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Iléeṣẹ́ náà ní ìpín nínú ASKY, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Lomé ní 2010, ó ní ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú Malawian Airlines, ó sì bá Zambia àti Kóńgò ti Kinshasa dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ti Chad àti ti Mozambique kò pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ dúró.

Ti Nàìjíríà ni ó pa ariwo jù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, mínísítà ọ̀rọ̀ òfurufú nígbà náà, Hadi Sirika, kéde pé Ethiopian ni yóò ní ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú Nigeria Air, àwọn olùdókòòwò Nàìjíríà yóò ní 46, ìjọba àpapọ̀ yóò sì ní 5 péré. Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé gba Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Muhammadu Buhari gbé ìjọba sílẹ̀, bàálù kan tí wọ́n kun ní ọ̀dà Nigeria Air balẹ̀ sí Abuja. Ọkọ̀ Ethiopian ni. Láìpẹ́, adelé olùdarí Nigeria Air sọ fún àwọn aṣòfin àgbà pé ńṣe ni wọ́n háyà rẹ̀. Festus Keyamo, mínísítà tuntun, dá ètò náà dúró ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ wọ́gi lé e.

Ẹjọ́ àwọn oníṣòwò abẹ́lé kò ṣàì ní ti àǹfààní ara wọn nínú, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí abánidíje tí ó lágbára jù ú lọ wọ ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà gbé dìde wà níbẹ̀ síbẹ̀: bí ẹni tí ó ní 49 bá ni ó ni bàálù, tí ó ni awakọ̀, tí ó ni ibi àtúnṣe àti ibùdó ńlá tí èrò ti ń pààrọ̀ ọkọ̀, ta ni ó ń ṣàkóso ní tòótọ́?

Pápákọ̀ tuntun ní Bishoftu

Pápákọ̀ Bole kò lè gba ju èrò bíi mílíọ̀nù 25 lọ lọ́dún. Nítorí náà ni iléeṣẹ́ náà ṣe dáwọ́ lé òmíràn ní Bishoftu, níbi tí ó tó nǹkan bíi 40 kìlómítà sí olú-ìlú. Wọ́n ní yóò lè gba èrò tí ó ju mílíọ̀nù 100 lọ lọ́dún bí ó bá parí. Owó rẹ̀ kò ní dín ní bílíọ̀nù 10 dọ́là, gbèsè ni yóò sì jẹ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. African Development Bank ni ó ń ṣáájú nínú wíwá a. Àwọn àgbẹ̀ tí ń dáko lórí ilẹ̀ náà ní láti ṣí kúrò.

Èyí ni ìdánwò tí ó tóbi jù tí àjọṣe ìjọba àti iléeṣẹ́ náà tíì rí. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a ń wò ni bóyá ìjọba yóò ki ọwọ́ bọ àpò iléeṣẹ́. Ní báyìí, bí èrò kò bá pé iye tí wọ́n retí, ìjọba ni ó ni gbèsè náà nígbẹ̀yìn, ìjọba yìí kan náà ni kò sì san èlé orí owó tí ó yá lọ́jà àgbáyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.