Bó Bá Jẹ́ Sẹ́ńsọ̀ Kan Ṣoṣo Lẹ Lè Rà

Àbúrò mi obìnrin ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí wọ́n rí i lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé ó jẹ ṣúgà jù o. Àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ fúnra wọn ló gbógun ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì. Láti ìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni lójoojúmọ́. (Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé èyí fún àwọn tó ń ní kó lọ máa mu omi ewúro.)

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń gún ìka lóòjọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin nínú wákàtí 24. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó bá sùn títí tó fi máa jí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ṣúgà bá já wálẹ̀ jù lójú oorun, èèyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó má jí mọ́.

Lọ́dún tó kọjá la dá owó jọ, a fẹ́ ra FreeStyle Libre 2 kan. Ọjọ́ 14 péré ló ń lò, ó parí. Dókítà kan wá sọ fún wa pé bí a ò bá lè máa wọ̀ ọ́ yípo ọdún, ká má wulẹ̀ náwó. Mi ò gbà, mi ò sì tíì gbà títí di òní.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: okùn tín-ín-rín kan wọ abẹ́ awọ apá. Ẹ́ńsáìmù tó wà lára rẹ̀ ń bá ṣúgà ṣiṣẹ́, iná mànàmáná kékeré á jáde, bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ń pọ̀ tó. Fóònù á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Àmọ́ omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ló ń wọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gba ìyípadà, nítorí náà sẹ́ńsọ̀ lè fi ìṣẹ́jú 5 sí 15 rẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. 110 tí ọfà rẹ̀ dúró gbọọrọ àti 110 tí ọfà rẹ̀ dorí kodò, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Lóru ọjọ́ kẹta, aago mẹ́ta kù díẹ̀, fóònù ké: 64, ọfà dorí kodò. Ó gún ìka: 57. Ó mu ẹlẹ́rìndòdò. Lóru ọjọ́ kejì rẹ̀, bákan náà. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, tí aṣọ rẹ̀ á tutù fún òógùn. Àwa ní ooru ni, ṣebí kò sí iná! Nígbà tí dókítà rí àwòrán òru wọ̀nyẹn, ó dín ínsúlínì alẹ́ kù. Òógùn dáwọ́ dúró. A tún rí i pé ògì àárọ̀ ń gbé ṣúgà rẹ̀ fò ju ẹ̀bà lọ, kò sẹ́ni tó rò bẹ́ẹ̀ nínú wa.

Ní England, láti 2022 ni àjọ NICE ti ní kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí lọ gbogbo àgbàlagbà tó ní oríṣi kìíní, NHS ló ń sanwó. Àpò ara wa la fi ń rà á níbí. Nítorí náà, ẹ má fi owó ínsúlínì ra sẹ́ńsọ̀ láé. Ẹ má sì ju ẹ̀rọ ìgúnka nù: bí ẹ bá fi apá tí sẹ́ńsọ̀ wà sùn, ó lè parọ́ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀, vitamin C tó ju 500mg lọ lóòjọ́ sì lè mú kí Libre sọ pé ó ga ju bó ṣe wà lọ.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ lè rà, ẹ má wọ̀ ọ́ lásìkò ọdún tàbí ìgbéyàwó. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ń jẹ ohun tí ẹ máa ń jẹ ni kẹ́ ẹ yàn. Ẹ kọ oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àti àkókò oorun sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà yín.

Àbúrò mi ti ń tọ́jú owó ìkejì. Ó ní àsìkò ìdánwò lòun máa wọ̀ ọ́, torí òun fura pé ìgbà yẹn ni ṣúgà òun máa ń ya wèrè.