Àgbájọ Ọwọ́ Ni A Fi Ń Sọ Àyà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ètò ìlera ìjọba ń tọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wa tí ó sì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà nínú rẹ̀ kò kéré. Nítorí náà, kì í ṣe àtojúbọ̀ bí a bá sọ ibi tí ètò rere náà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, kù sí.

Bí àrùn ọkàn bá kọlu ènìyàn níbẹ̀, tí Ọlọ́run sì yọ ọ́, ètò àmúbọ̀sípò wà fún un. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò máa ṣe eré ìdárayá lábẹ́ ìṣọ́ àwọn onímọ̀. Wọn yóò sì máa kọ́ ọ ní oúnjẹ tí ó yẹ ẹ́, bí a ti ń lo oògùn àti bí a ti ń jáwọ́ nínú sìgá. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà tí àwọn aláṣẹ ètò ìlera gbé jáde ní ọdún 2019 jẹ́wọ́ pé nínú 121,500 ènìyàn tí ètò yìí tọ́ sí lọ́dún, 62,822 péré ni ó ń lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí iye náà tó ìdá 85 nínú 100 ní ọdún 2028, àti pé èyí lè gba ẹ̀mí tí ó tó 23,000 là láàárín ọdún 10. Ìdá 85 yìí kan náà ni ìlànà ọdún 2000 ti dárúkọ fún iye àwọn tí ó yẹ kí a pè sí ètò náà!

Àwọn kan lè sọ pé aláìsàn ni ó ya ọ̀lẹ. A kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Bí lẹ́tà tí ilé-ìwòsàn kọ sí dókítà ìdílé kò bá mẹ́nu ba ètò náà, báwo ni dókítà yóò ṣe rán aláìsàn létí? Bí àwọn tí ó ń darí ètò náà kò bá sì kọ lẹ́tà padà nígbà tí ó parí, báwo ni dókítà yóò ṣe mọ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti rí, tàbí ohun tí ó kù láti ṣe? Bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni aláìsàn yóò máa tọ̀ lọ títí ayé rẹ̀. Ìyànjú rẹ̀ a sì máa wọ aláìsàn létí ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá ti ilé-ìwé mìíràn wá sọ́dọ̀ yín, ìwé ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ni ẹ ń béèrè, ẹ kì í fi ẹnu ọmọ nìkan ṣe ẹ̀rí. Kí ni ó wá dé tí a ó fi sọ aláìsàn di ońṣẹ́ láàárín àwọn oníṣègùn rẹ̀?

A mọ̀ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn àwọn dókítà. Ṣùgbọ́n ìwé ojú kan ní àlọ, ojú kan ní àbọ̀, kò tó ohun tí ó yẹ kí ẹ̀mí tìtorí rẹ̀ bọ́. Kí àwọn aláṣẹ sọ ọ́ di dandan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ẹ rọ̀ wọ́n kí wọn bi dókítà wọn léèrè bí lẹ́tà náà bá ti dé. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.