Ẹ Ṣọ́ra Fún Ásíìdì Tí Wọ́n Fi Ń Bó Ojú

Bí ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà bá ti ń sún mọ́, àwọn ọmọge wa a máa wá ẹni tí yóò bá wọn bó ojú. Ásíìdì ni wọ́n ń fi ṣe é, kí awọ òkè lè ṣí kúrò, kí tuntun sì jáde.

Òótọ́ ni pé dókítà onímọ̀ awọ ara máa ń lò ó fún irorẹ́ àti àpá dúdú. Ṣùgbọ́n ó lágbára. Ásíìdì kan tó ń jẹ́ salicylic acid wà nínú Whitfield tí a fi ń tọ́jú làpálàpá. Ìdá 3 péré nínú 100 ni. Èyí tí wọ́n fi ń bó ojú máa ń tó ìdá 20 sí 30. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ohun tí à ń rà nínú ìgò tí kò lórúkọ!

Bí ó bá jó awọ dúdú bíi tiwa, ibẹ̀ sábà máa ń dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fún oṣù púpọ̀. Ẹni tí ojú àpá rẹ̀ máa ń wú kò gbọdọ̀ dán an wò láìrí dókítà.

Ẹni tó ti ń lo ìpara abóra ló tún wà nínú ewu jù, nítorí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ásíìdì á tètè wọlé. Awọ àgbà náà ti fẹ́lẹ́, ẹ̀yin ìyá wa. Mẹ́kúrì tó wà nínú àwọn ìpara kan sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Lóṣù Kejì ọdún 2023, NAFDAC kéde pé ọ̀rọ̀ ara bíbó ti di pàjáwìrì nílẹ̀ yìí. Ẹ má fi wọ́n kan ọmọ kékeré rárá.

Bí ásíìdì bá jó ènìyàn:
– Ẹ fi omi tó mọ́, tó ń ṣàn, ṣan án fún ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú.
– Ẹ má fi epo pupa, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i.
– Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé wa yìí ni Dókítà David Morley ti lo káàdì ìwọ̀n ọmọ láyé ọjọ́un, kí ìyá lè tètè rí àìsàn kó tó wọra. Ẹ jẹ́ ká máa ṣọ́ awọ àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi para, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Àríyá ọjọ́ kan kò tó ohun tí à ń ba ojú jẹ́ sí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara yóò le o.