Ìlú Kékeré àti Ìtọ́jú Àyíká Rẹ̀

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká kò kan ìlú kékeré. Lójú irú àwọn bẹ́ẹ̀, Èkó ni kí ó máa ṣe òfin lórí pàǹtírí, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí. Ìbàdàn ni kí ó máa gbẹ́ ojú odò, nítorí pé omi Ògùnpa fi ojú rẹ̀ rí màbo ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí ó ya wọ ilé tí ó sì gbé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ní ti ìlú tí igbó yí ká, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí láti orí òkè, kí ni ó tún ń wá nínú òfin? Èrò yìí kò tọ̀nà. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni ìlú ńlá sábà máa ń ṣòfin; ìlú kékeré ni ó ṣì ní àǹfààní láti ṣe é kí nǹkan tó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìkògòsì-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà láàárín àwọn òkè ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Àrámọ̀kọ. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni omi méjì tí ń sun jáde láti inú ilẹ̀ rẹ̀: ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Ní orísun, ìgbóná omi gbígbóná náà tó nǹkan bí 70 lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà tí ó bá fi dé ibi tí òun àti omi tútù ti pàdé, ó ti rọlẹ̀ dé nǹkan bí 37. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ki ẹsẹ̀ bọ omi níbi ìpàdé wọn yóò mọ apá tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ yàtọ̀ sí apá tí ó tutù. Àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, a sì ti rọ omi ibẹ̀ sínú ìgò lọ tà káàkiri Nàìjíríà.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ti ṣàlàyé ibi tí ìgbóná náà ti wá. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè ni ó ń gba inú sísán àpáta wọlẹ̀ lọ. Bí ó ti ń jìn sí i nínú ilẹ̀ ni ó ń gbóná sí i. Nígbà tí ó bá sì rí ọ̀nà, a tún sun jáde. Nítorí náà, orí òkè ni ìsun náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí àwọn àlejò ń dúró sí ya àwòrán. Igi orí òkè àti ewé tí ó ti rà sábẹ́ wọn ni ó ń dá òjò dúró kí ó lè rọra wọlẹ̀. Bí a bá gé igi wọ̀nyí, tí a sì ń dáná sun ilẹ̀ abẹ́ wọn lọ́dọọdún, òjò yóò di ọ̀gbàrá, yóò gbá ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ sí àfonífojì, díẹ̀ ni yóò sì kù tí yóò wọlẹ̀. Ohunkóhun tí a bá sì dà sórí ilẹ̀ níbẹ̀, ìbáà ṣe òróró ọkọ̀, ìbáà ṣe oògùn apakòkòrò, ìbáà ṣe ìgbẹ́, òjò lè wẹ̀ ẹ́ wá sínú omi tí ìlú ń mu. Àwọn àgbà sọ pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú pẹ̀lú kò gbọdọ̀ gbàgbé orísun odò rẹ̀.

Àwọn ará ìgbàanì kò ka ìwé nípa àpáta, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni a ń dá oko sí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlú fi ní igbó tí a kì í gé àti odò tí a kì í pa ẹja rẹ̀. Èèwọ̀ ni òfin ìgbà náà, ìbẹ̀rù òrìṣà sì ni ọlọ́pàá rẹ̀. Lóde òní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba ẹ̀sìn mìíràn, èèwọ̀ kò dẹ́rù bà wọ́n mọ́, igbó tí ó ń ṣọ́ sì ti di aláìní olùṣọ́. Òṣogbo fi ohun tí a lè ṣe hàn. Igbó Ọ̀ṣun, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 75 hẹ́kítà, fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn agégi àti àwọn tí ń wá ilẹ̀ rà, ṣùgbọ́n Susanne Wenger àti àwọn ọmọ ìlú tí ó bá a ṣiṣẹ́ dìde láti gbà á sílẹ̀. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Báyìí ni èèwọ̀ àtijọ́ di òfin tí a kọ sílẹ̀, ẹni tí kò bọ Ọ̀ṣun pàápàá sì ń jẹ àǹfààní igbó náà.

Àmọ́ kíkọ òfin sílẹ̀ nìkan kò tó. Nígbà tí wolé-wolé ń wọ agbo ilé láti yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, bí wọ́n bá ti yọ lókèèrè ni obìnrin ilé ń sáré da omi nù. Bí wọ́n bá ti kọjá, ìkòkò a tún padà sí bí ó ti wà. Ìjọba ológun tí ó gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ ní 1984 àti 1985 fi dandan lé e pé kí gbogbo ènìyàn dúró sílé ní òwúrọ̀ Sátidé kan lóṣù láti tún àyíká ṣe. Òpópó mọ́ nígbà náà, nítorí pé ẹ̀rù sójà ń bani. Nígbà tí ẹ̀rù náà kúrò, ìtara rọlẹ̀ ní ìlú púpọ̀. Ní 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé dídá èrò dúró ní ọjọ́ náà. Òfin tí ẹ̀rù bá bí, kì í pẹ́ ju ẹ̀rù náà lọ.

Níbi yìí gan-an ni ìlú kékeré ti ní agbára ju ìlú ńlá lọ. Ní ìlú ńlá, bí ènìyàn bá da pàǹtírí sí gọ́tà lóru, kò sí ẹni tí ó mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Ní ìlú bí Ìkògòsì, a mọ̀ ọ́n, a mọ baba rẹ̀, a mọ agbo ilé rẹ̀. Ìtìjú ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọlọ́pàá kò dé. Irú agbára yìí ni ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ilẹ̀ Jàpáànù lò. Kamikatsu ni orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó 2,000. Wọn kò lówó tí wọn ìbá fi kọ́ ilé ìsun-pàǹtírí ìgbàlódé. Ní 2003 wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní í máa sun pàǹtírí tàbí kí wọ́n máa rì í mọ́lẹ̀ mọ́. Olúkúlùkù ni ó ń gbé pàǹtírí tirẹ̀ lọ sí ibùdó kan, tí ó sì ń yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà. Èyí tí ó lè jẹrà, ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Wọn kò tí ì dé ibi tí wọ́n ń lọ tán, ṣùgbọ́n nǹkan bí 80 nínú 100 ni wọ́n ń tún lò. Àdéhùn ni wọ́n fi rọ́pò owó.

Òfin tí ó yẹ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Mẹ́rin tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Èkínní, kí a pààlà sí igbó orí òkè tí ó wà lókè ìsun omi, kí ẹnikẹ́ni má gégi, kí ẹnikẹ́ni má sì dáná níbẹ̀. Èkejì, kí a má da pàǹtírí sí gọ́tà tàbí odò, kí ọjà sì dín ọ̀rá àti ike kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni Èkó fòfin de àwọn abọ́ fúlẹ́fúlẹ́ funfun tí a ń bu oúnjẹ sí, lẹ́yìn tí wọ́n ti dí ojú gọ́tà. Ìlú tí ewé eéran ṣì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò yẹ kí ó dúró di ìgbà náà. Ẹ̀kẹta, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ṣálángá, kí ó sì jìnnà sí omi. Ẹ̀kẹrin, kí a yọ ìpín kan nínú owó tí àwọn àlejò ń san, kí a fi tọ́jú òkè náà àti àwọn tí ń ṣọ́ ọ.

Ta ni yóò ṣe òfin náà? Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàṣẹ kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó, ó sì gbé kíkó pàǹtírí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé Àrámọ̀kọ, ààfin ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, níwájú ọba, àwọn ìjòyè, ìyálọ́jà, àwọn àgbẹ̀, àwọn ọdẹ, àlùfáà, ìmáàmù àti àwọn olùkọ́. Bí gbogbo wọn bá ti fẹnu kò, kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ sọ àdéhùn náà di òfin. Kí ìtanràn sì kan ìjòyè bí ó ti kan àlejò; ọjọ́ tí a bá fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́lá ni òfin náà kú.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ebi ń pa kò ní etí tí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ igi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí oko rẹ̀ wà ní orí òkè ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ mìíràn tàbí owó gbà-máà-bínú. Ìwà ìrẹ́jẹ ni kí a gba oko lọ́wọ́ tálákà kí ọlọ́rọ̀ lè máa wo omi. Ẹni tí ó ń ta èédú pẹ̀lú gbọ́dọ̀ rí igi mìíràn lò, bí jemelína, tí a lè gbìn sórí ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, láti ọdún 1977, Wangari Maathai kó àwọn obìnrin oko jọ láti máa gbin igi, a sì ń san owó díẹ̀ fún wọn lórí igi tí ó bá yè. Wọ́n gbin ọ̀kẹ́ àìmọye igi, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Ìtọ́jú ilẹ̀ àti oúnjẹ tálákà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn, bí a bá fi òtítọ́ ṣe é.

Ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́ lè tún un ṣe, èyí tí kò ní iná sì lè rí i lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí a ti ń ta ìsun omi, kò sì sí ìjọba tí ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bí ó bá gbẹ. Nítorí náà, ìgbà tí igi ṣì wà lórí òkè, tí omi sì ń ṣàn, ni àkókò tí ó yẹ kí ìlú péjọ ṣòfin.